Ohun tí Ọlọ́pàá Mọ̀ àti Ohun tí Ará Ìlú Mọ̀

Olóòtú ètò yìí ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àkọsílẹ̀ àti ìròyìn tí a fi òye kó jọ ṣe lè mú kí iṣẹ́ ọlọ́pàá sunwọ̀n ju bí ó ti wà lọ. Mo bi í pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó dá mi lóhùn pé láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni gbogbo ìwé tí ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe iṣẹ́ ṣe kò ní ṣàìrí nǹkan sọ sí i. Mo gbà fún un. Ọ̀gá wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá wà níhìn-ín, bákan náà ni ìyá wa tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí mo bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọn yóò fà mí padà.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún làákàyè tí ó wà ní orí ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n tún ń lò fún ìròyìn ìkọ̀kọ̀ tí ìjọba àti ọlọ́pàá ń kó jọ. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀. Làákàyè wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ̀tá láti mú ìròyìn wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni amí, ẹni tí ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri ni olófòófó. Ojú tí a fi ń wo olófòófó yìí kò dára rárá. A ní olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Èyí wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó rí àwọn tí ó ń fọ́ ilé aládùúgbò rẹ̀, tí ó wá fẹ́ lọ sọ ohun tí ó rí ní àgọ́ ọlọ́pàá, yóò máa bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé òun gan-an ni ó jalè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ọlọ́pàá ní ìròyìn tí ó péye ní ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ bá ìṣòro pàdé, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ìtàn wa pẹ̀lú dá kún un. Nígbà tí Ìbàdàn ń jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ajẹ́lẹ̀ ni ojú àti etí rẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ tí ajẹ́lẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ ìròyìn náà ni ó tún ń gba oúnjẹ àti ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ará ìlú ní túláàsì. Nígbà tí ó di 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Ogun Kírìjì gbóná, àgọ́ ogun náà kò sì tú títí di 1893. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1861, Hausa ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn agbófinró tí wọ́n kó jọ, àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú. Ó tẹ́ ìjọba lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí agbófinró mọ ojú ẹni tí yóò lù. Irú agbófinró bẹ́ẹ̀ lè tú èrò ká. Bí ó ṣe máa mọ ohun tí ó wà nínú ìlú ni kò sí.

Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí á rin ìrìn àjò díẹ̀, kí á wo ìlú kan tí ọlọ́pàá ti rí ìròyìn gbà láìlo amí, láìlo olófòófó.

Ìlú náà ni Cardiff, tí ó jẹ́ olú ìlú Wales. Ní alẹ́ Ẹtì àti alẹ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọ̀dọ́ a máa ya lọ sí àárín ìlú, níbi tí ilé ọtí àti ilé ijó pọ̀ sí. Bí ọtí bá ti wọra, ìjà a dé. Ohun ìjà tí ó sì súnmọ́ ọwọ́ jù lọ ni ife onígíláàsì tí wọ́n fi ń mu ọtí. Bí ó bá fọ́ mọ́ ènìyàn lójú, àpá rẹ̀ kì í kúrò títí ikú. Jonathan Shepherd, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú náà, wà lára àwọn dókítà tí ń rán irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ẹnu, àgbọ̀n àti ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó dé Cardiff ni ó ti ṣe ìwádìí kan ní Bristol, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1980. Ó mú ìwé ilé ìwòsàn, ó mú ìwé ọlọ́pàá, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n lù ní àlùbolẹ̀, tí dókítà tọ́jú, ni kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá rárá.

Kí ni ó fà á tí wọn kò fi sọ? Ọ̀kan ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó lu òun yóò padà wá. Òmíràn kò mọ ẹni náà, ó sì rò pé kò sí ohun tí ọlọ́pàá yóò rí ṣe sí i. Òmíràn wà tí ọwọ́ tirẹ̀ pàápàá kò mọ́ nínú ìjà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n wá sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ojú tí ó ya kò ṣe é fi aṣọ bò. Dókítà wá ń mọ ohun tí ọlọ́pàá kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Cardiff ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe. Akọ̀wé tí ó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó wọlé bá ti ní wọ́n lu òun ni, akọ̀wé yóò fi ìbéèrè díẹ̀ kún èyí tí ó ti ń bi í tẹ́lẹ̀. Níbo gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀: ní ilé ọtí wo, ní òpópónà wo? Ní ọjọ́ wo, ní agogo mélòó? Kí ni wọ́n fi lù yín? Ìbéèrè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn yóò yọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì kúrò. Ibi, àkókò àti ohun ìjà nìkan ni wọn yóò fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sí ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò fún ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni yìí yóò dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ọlọ́pàá ti ní lọ́wọ́, yóò sì fi àmì sí orí àwòrán ìlú. Ilé ọtí tí ọlọ́pàá kò ka sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ a wá hàn gbangba.

Dókítà, ọ̀gá ọlọ́pàá àti àwọn aṣojú ìgbìmọ̀ ìlú a máa jókòó yí àwòrán yìí ká. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòroó sọ. Wọ́n yí ibi tí ọlọ́pàá ń dúró sí ní òru òpin ọ̀sẹ̀ padà, wọ́n kó wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí ìjà ti ń ṣẹ́. Wọ́n fi ìwé ilé ìwòsàn han àwọn onílé ọtí tí ń sẹ́ pé kò sí ìjà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n dí òpópónà tí èrò ti ń kọlu ara wọn mọ́ ọkọ̀ lẹ́nu, kí ẹsẹ̀ lè gbèrò níbẹ̀. Wọ́n mú kí àwọn ilé ọtí kan gbé ife onígíláàsì jù sílẹ̀, kí wọ́n lo oníke.

Ẹ lè béèrè pé ṣé èyí tu ìrun kan lára ìwà ipá. Curtis Florence àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Shepherd fúnra rẹ̀ wà lára wọn, fi Cardiff wé ìlú 14 mìíràn tí ó jọ ọ́, láti 2000 títí di 2007, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Iye àwọn tí ilé ìwòsàn dá dúró lórí ibùsùn nítorí pé wọ́n lù wọ́n tàbí wọ́n gún wọn lọ sílẹ̀ ní Cardiff, láti 7 sí 5 nínú ènìyàn 100,000 lóṣù. Ní àwọn ìlú yòókù, ó gòkè láti 5 sí 8. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, wọ́n ní ó fi 42 nínú 100 dín sí bí ìbá ti rí.

Ohun mìíràn wà nínú ìwádìí yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí, nítorí òun ni ó wù mí jù lọ. Àwọn ìjà kéékèèké tí ọlọ́pàá kọ sínú ìwé ní Cardiff kò dín kù. Ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i, láti 15 sí 20 nínú ènìyàn 100,000 lóṣù. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò ní ìlú náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí ni ó ń rí ìjà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìtakùrọ̀sọ àti ìtìkiri. Ó ń là á, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí ó wà nínú ìwé ọlọ́pàá ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni iye ojú tí dókítà ń rán ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá náà ni, wọn ìbá ti bá a wí.

Kì í ṣe Cardiff nìkan ni ó rí i pé ibi ni ó yẹ kí á máa wò. Ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, Lawrence Sherman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìpè tí ará ìlú ń pe ọlọ́pàá; ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 fi hàn pé láti ojúlé 3 nínú 100 ni ìdajì gbogbo ìpè náà ti wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú wà ní àlàáfíà. Ogiri tí ó lanu ni aláǹgbá ń wọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí ó ti lanu kò ní í máa na gbogbo ògiri ilé ní pàṣán.

Ṣùgbọ́n bí ìṣirò bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, ó lè di nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí New York.

Jack Maple jẹ́ ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú náà. Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde ni ó ti ya àwòrán gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin sí ara ògiri, tí ó ń fi lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ sàmì sí ibi tí olè ti jà. William Bratton, tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, di Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá New York ní 1994, ó sì sọ ọgbọ́n Maple yìí di iṣẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. CompStat ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìṣirò ń jáde, wọn a sì pe ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wá síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá rojọ́: kí ló dé tí olè fi pọ̀ sí i ní òpópónà báyìí, kí ni o ti ṣe sí i? Ní 1990, ènìyàn 2,245 ni wọ́n pa ní New York. Ní 1998, wọ́n jẹ́ 633. Àwọn ènìyàn gbé orí yìn fún Bratton àti Maple. Mo gbà pé ó yẹ kí á yìn wọ́n, ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé ìpànìyàn dín kù láàárín ọdún wọ̀nyẹn ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí kò ní CompStat.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó kọ mí lóminú. Ọ̀gá tí ó mọ̀ pé bí iye bá gòkè òun yóò gba ìtìjú ní gbangba, ọ̀nà méjì ni ó ní: kí ó dín olè kù, tàbí kí ó dín àkọsílẹ̀ olè kù. Èkejì rọrùn. Ọlọ́pàá kan ní Brooklyn bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ́kọ́dà gba ohùn àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní 2008. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní 2010, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tì wọ́n láti sọ ìdigunjalè di ohun tí ó sọnù, kí wọ́n sì lé olùráhùn lọ sílé. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé òótọ́ ni. Wọ́n tún ń ka iye ènìyàn tí ọlọ́pàá dá dúró lójú pópó tí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò. Nítorí pé wọ́n ń kà á, ó ń pọ̀. Ní 2011 nìkan, ó ju 685,000 ìgbà lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ó ń sọ èdè Spain ni èyí tí ó pọ̀ jù bá. Ní 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tako òfin ilẹ̀ náà. Ìdádúró lójú pópó wá lọ sílẹ̀ gidigidi, ìpànìyàn kò sì tìtorí ẹ̀ gòkè ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e.

London ni ọ̀rọ̀ náà ti wá kan àwọn ọmọ tiwa. Lẹ́yìn rúkèrúdò oṣù Kẹjọ 2011, ọlọ́pàá ìlú náà dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ ní 2012, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n rò pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ìpáǹle sí. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, ó sì ní àwọ̀ tirẹ̀, pupa, ọsàn, tàbí ewé, bí iná tí ń darí ọkọ̀ ní oríta. Ní 2018, Amnesty International gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ènìyàn 3,806 ni ó wà nínú ìwé náà. 78 nínú 100 wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí 13 nínú 100 lọ nínú gbogbo ará London gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2011. Ọmọ ọdún 12 wà nínú ìwé náà. Orin tí ọmọ kan fẹ́ràn, fídíò tí ó fara hàn nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè ti orúkọ rẹ̀ wọ ibẹ̀, òun kò sì ní í mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham tàbí ní Tottenham mọ irú àdúgbò tí mo ń wí.

Bí orúkọ bá ti wọ ìwé, kì í jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn tí ó ń pín ilé ìjọba rí i, wọ́n ń fún ilé ìwé rí i. Ní 2017, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Newham fi ìwé tí ó ní orúkọ ènìyàn 203 ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn 44 láìyọ orúkọ kúrò; ó di ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìpáǹle fúnra wọn, wọ́n sì bu owó ìtanràn £145,000 lé ìgbìmọ̀ náà lórí ní 2019. Alábòójútó ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ní 2018 pé ọ̀nà tí ọlọ́pàá ń gbà lo ìwé náà rú òfin. Ní 2022, ọlọ́pàá gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2024, wọ́n pa ìwé náà tì. Àwọn àgbà wa ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tí ó bá ẹni tí ó ṣẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà ni wọ́n ń wọ̀n lójú ọ̀bẹ ní London fún ọdún 12.

Ẹ fi èyí wé ti Cardiff. Ọlọ́pàá London ń béèrè pé 'ta ni?', ó sì ń dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Ti Cardiff ń béèrè níbo, nígbà wo, kí ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ sì ni ó ń dá a lóhùn. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, mo sì rò pé ó tó.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí lọ bá àwọn ará ilé fúnra wọn, ó bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí láàárín oṣù Karùn-ún 2023 sí oṣù Kẹrin 2024. Nínú ilé 100 tí olè ti wọlé jà, nǹkan bí 36 péré ni ó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ìyókù, ó wà nínú ikùn wọn. Púpọ̀ nínú wọn ní àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọlọ́pàá. Àkọlé wà lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá wa pé ọ̀fẹ́ ni bélì. N kò tí ì rí àkọlé mìíràn tí ará ìlú ń kà tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó o. Ọlọ́pàá tí ó bá sì fẹ́ ya àwòrán ibi tí olè ti ń jà láti inú ìwé tirẹ̀ nìkan, àwòrán ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣì ń gbà á gbọ́ ni yóò yà.

Ti àwọn tí ó lọ sọ pàápàá ń kọ́? Níbí ni iṣẹ́ tèmi wọ̀ ọ́. Bí ènìyàn bá dé àgọ́ ọlọ́pàá tí ó fi Yorùbá rojọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́ńsítébù sábà máa ń fi kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹni ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ilé ẹjọ́ ń rò, kì í ṣe ìṣirò. Ẹ wo ohun tí ń sọnù. Yorùbá ní kólékólé, ó ní jàgùdà, ó ní adigunjalè, ó ní gbájúẹ̀. Kólékólé, òru ni, nígbà tí onílé bá sùn. Jàgùdà, ibi tí èrò gbé ń fún ara wọn ni, ní ibùdókọ̀ tàbí lójú agbo. Orúkọ olè ti sọ ibi, ó sì ti sọ àkókò. Nígbà tí kọ́ńsítébù bá pa gbogbo wọn pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ó túmọ̀ sí olè jíjà, ìwé rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n òye ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ti ìjà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbá mi, ó gún mi, ó ṣá mi, ó nà mí, ó yìnbọn lù mí. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'ó gbá mi létí' mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ni. Ohun tí ó ní ẹnu ṣóńṣó ni a fi ń gún ènìyàn, ohun tí ó ní ojú mímú bí àdá ni a sì fi ń ṣá a. Ìbéèrè kẹta tí akọ̀wé Cardiff ń béèrè, ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Gbogbo rẹ̀ náà ni ó ń di ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé àgọ́ ọlọ́pàá. N kò sọ pé kí á lé Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò ní àgọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ká ní fọ́ọ̀mù wà tí ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá bí irú èyí ní Yorùbá, tí kọ́ńsítébù yóò kàn máa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀kan, ọlọ́pàá Ìbàdàn yóò mọ ohun tí kò mọ̀ lónìí láìná owó kọ̀ǹpútà kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Fún ọdún pípẹ́ ní ilẹ̀ yìí, bí ìbọn bá ba ènìyàn, ilé ìwòsàn kì í fọwọ́ kàn án àfi bí ó bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bọ́ sórí ìwé yẹn. Ní 2017, wọ́n ṣe òfin tí ó pa á láṣẹ pé kí ilé ìwòsàn gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ìwé wà o, ìwé kò sí o. Láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n tó fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ wọn létí. Òfin tí ó dára ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń gbọ́ pé àwọn ilé ìwòsàn kan ń béèrè ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí òfin yìí fún ọlọ́pàá: ènìyàn ni, ní orí ibùsùn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó ń ka ibi tí ìbọn ti ń dún, àti alẹ́ ọjọ́ wo, kí ó fi wé ti oṣù tí ó kọjá. Àwọn tí wọ́n sì fi àdá ṣá, tí wọ́n fi ìgò gún lójú agbo, kò sí nínú òfin náà rárá.

Kí ni ìbá dí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta láti gbìyànjú ti Cardiff fún ọdún kan? Mo mọ ohun tí ìyá wa nọ́ọ̀sì yóò sọ: iṣẹ́ ti pọ̀ jù, iná kì í dúró, ilé wa kò ní nọ́ńbà, ẹ̀yìn ọjà nítòsí igi àgbálùmọ̀ ni àdírẹ́sì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ àdúgbò mọ igi àgbálùmọ̀ náà, ìbéèrè mẹ́ta sì ṣe é fi pẹ́ńsù kọ sínú ìwé ńlá. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí yàtọ̀ sí èyí. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá kan bá wọlé tí ó ní òun fẹ́ rí ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀, tí ilé ìwòsàn sì fi hàn án, láti ọjọ́ náà lọ ni àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ yóò ti máa gba ilé ìwòsàn kọjá lọ sọ́dọ̀ onígbèéjẹ́. Òfin 2023 tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ní ilẹ̀ yìí ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gbọdọ̀ ní ìpamọ́ jù lọ. Ẹni tí yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé tí yóò sì ní 'rárá' fún ọ̀gá ọlọ́pàá ni òfin náà kò lè fi sí ìnáwó.

Mo rí i tí ọ̀gá wa ń mi orí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ London. Ó jọ pé ohun tí wọ́n fẹ́ bi mí ni pé bí kò bá sí orúkọ, ta ni ọlọ́pàá yóò mú? Ní Cardiff, wọn kò dẹ́kun láti máa mú ẹni tí ó bá jà. Olùráhùn tí ó bá fẹ́ dárúkọ a máa lọ dá a ní àgọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ yìí, èmi kọ́. Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, a ń fetí sí yín.